Bàbá Lánlọ́ọ̀dù Tó Kọtí Ikún Sáwa Obìnrin

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ ti Bàbá Lánlọ́ọ̀dù fún yín. Kò gbọdọ̀ dé ibì kan o, mo ṣì jẹ ẹ́ lówó ilé.

Gbogbo àgbàlá wa ló gbà pé bàbá yìí ń kọtí ikún sáwa obìnrin. Màmá Ṣùkúrá á dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa pariwo pé ṣáláńgá ti kún. Bàbá á máa wo páànù òrùlé. Àmọ́ kí Bàbá Múfú, awakọ̀ àjàgbé yẹn, fi ohùn gbàǹgbà rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kíá ni bàbá á ti dáhùn: "Ṣáláńgá kẹ̀?" Fóònù á dún títí á fi rẹ̀ ẹ́ nínú àpò rẹ̀, kò ní gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ní ìyàwó kékeré kan ló ń pè é, ìyẹn ni kò fi lè gbé e lójú òun.

Ẹjọ́ kejì ni ti ọtí. Lọ́sàn-án bàbá á rìn geere. Kí alẹ́ lẹ́, kí wọ́n múná lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, á máa fọwọ́ tọ ògiri dé balùwẹ̀. Èmi gan-an mọ̀-ọ́n-mọ̀ sún mọ́ ọn kí n lè gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Róòbù ni mo gbọ́. Mo ní ọgbọ́n àgbà nìyẹn, róòbù ló fi ń bo òórùn ògógóró.

Sísí Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn (ọ̀rọ̀ ọkọ tí kò tíì fẹ́, ọjọ́ mìíràn lọjọ́ ìyẹn) gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì pa pọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ta ló gún bàbá lábẹ́rẹ́?"

Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe ọmọ kẹ́míìsì oríta tí gbogbo wa ń pè ní dókítà. Nígbà tí ìtọ̀ ń ta bàbá lójọ́sí, òun ló ń wá gún un ní jẹntamísìn láràárọ̀. Nígbà tí kò tètè lọ, ó tún gún sí i. Kò wọn bàbá wò kó mọ bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, kò ní kí wọ́n lọ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, kò sì béèrè oògùn tó ń lò. Bẹ́ẹ̀, bàbá ń gbé Lasix mì nítorí ẹsẹ̀ tó wú. Sísí Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. Ó ní bí àwọn méjèèjì bá pàdé lára èèyàn, etí ni wọ́n ń dájú sọ.

Ó ní nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín ló ń gbé ohùn fún ọpọlọ, nǹkan bí 15,000 nínú etí kan. Èyí tó bá kú kì í hù padà. Àwọn tó ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín ni jẹntamísìn kọ́kọ́ ń pa, ìyẹn ohùn obìnrin, ti ọmọdé, ti ẹyẹ, àti ti fóònù. Ohùn Bàbá Múfú ṣì ń ráyè wọlé ní tiẹ̀. Ìyàwó bàbá mí kanlẹ̀.

Títa gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lóru ńkọ́? Etí náà ni. Inú etí ni ohun tó ń mú wa dúró láìṣubú wà. Bó bá ti bàjẹ́, ojú lèèyàn ń fi ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Iná bá lọ, ó parí. Pé abẹ́rẹ́ ti tán tipẹ́ kò ní kó máà rí bẹ́ẹ̀, nítorí oògùn yìí máa ń pẹ́ nínú etí lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá dárúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá tó wà ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni o. Abẹ́rẹ́ kan péré ni wọ́n gún un ní kékeré tí etí rẹ̀ fi di pátápátá. Orogún ìyá wọn ni wọ́n dì í rù, wọ́n lé obìnrin ọlọ́bìnrin jáde. Sísí Nọ́ọ̀sì ní àwọn ìdílé kan wà tí ìyá ti ń fa àléébù kan fọ́mọ, bàbá kì í fà á. Bí irú abẹ́rẹ́ yìí bá kan irú wọn, kódà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, etí lè lọ. Ẹni tí ará ilé ìyá rẹ̀ bá ti dití látàrí abẹ́rẹ́, kó yáa sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un. Ta ni yóò wá lọ bẹ orogún yẹn báyìí?

Ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1943, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Albert Schatz, rí streptomycin, ẹbí jẹntamísìn, nínú kòkòrò àìfojúrí inú erùpẹ̀ ní New Jersey nílẹ̀ Amẹ́ríkà, oògùn àkọ́kọ́ tó ká ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ikọ́, wọ́n di adití. Ó di 2018 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ní kí wọ́n pa kanamycin, tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, tì fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò gbóògùn.

Màmá Ṣùkúrá ní kínnínì náà máa ń mú etí òun hó yee. Òótọ́ ni, àmọ́ ti kínnínì sábà máa ń lọ bóògùn bá tán. Ó ní òun ò gbabẹ́rẹ́ mọ́ láyé. Sísí Nọ́ọ̀sì ní kó má dá àṣà yẹn, jẹntamísìn yìí náà ló wà lára ohun tó gba Ṣùkúrá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìkókó. Ọsibítù ló fún un, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró. Bí etí bá ń hó tàbí òòyì ń kọ́ èèyàn lẹ́nu oògùn ọsibítù, ńṣe ni kó ké sí wọn kíákíá, kó má kàn dá a dúró fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Èyí tó lọ ti lọ, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fún un tó ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí, ó sì ti gbọ́ ti ṣáláńgá. Ọmọ kẹ́míìsì ṣì ń gbé báàgì rẹ̀ kiri. Bó bá yà sọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó dárúkọ oògùn kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ. Bó bá ní jẹntamísìn ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ kí ẹ gba ọsibítù lọ.