Kábíyèsí Òkìtì Àròkọ

Kábíyèsí òkìtì àròkọ ọmọ SS2, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, báírò pupa ń bẹ létí mi.

Ìwé 76 tí í jókòó gẹlẹtẹ sórí tábìlì ìjẹun,
tí onílé ń gbé àwo ẹ̀bà lé itan.
Àlejò tó bá tíṣà délé lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ní òun ò lọ mọ́.
Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ lo sọ ọ́ di ìyáálé.

Wọ́n ń pè ọ́ ní àròkọ, irọ́ ni wọ́n ń pa. Àrokò ni ọ́. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹnì kan ń fà sí òun. Èmi tí wọ́n fi ojú ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí láìsí kóòmà kan, kí ni kí n mọ̀?

Ọmọ “I hope you are fine. If so, doxology.”
Gbólóhùn kan tó ti bí ọmọ 41, ìbímọ ò sì tíì tán,
tí wọ́n jọra tí a ò mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́yìndé.
Alága ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ní kí wọ́n kọ létà sí nípa ọ̀nà àdúgbò wọn o! Wọ́n ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

A-jẹ-máàkì-bí-ẹní-jẹ-gúgúrú! Nínú ìdánwò WAEC, máàkì 50 ni àròkọ ní, 10 nínú rẹ̀ wà fún sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Àṣìṣe kan, ìdajì máàkì. Àṣìṣe 20, abọ́ ti mọ́ foo. Ìjòyè rẹ kan ò tíì kúrò lórí àdírẹ́ẹ̀sì tó ti lá abọ́ tirẹ̀. Òmíràn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo pe ọmọ tó ni ín, mo ní kó ka ìlà kejì sétí mi. Fóònù ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kà.

Ṣùgbọ́n Kábíyèsí, kí ni o fi pamọ́ sísàlẹ̀ yìí? Ìwé ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí kì í sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ pé: “Our road have die since and they did not bury it.” Mo gbé báírò sókè, mo tún gbé e sílẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló ń kọ̀wé sí alága. Èmi tíṣà ni àwọn yòókù ń kọ̀wé sí. Mo yọ ìdajì máàkì, nítorí òfin ni òfin. Mo wá lọ san án padà fún un níbi ìlò èdè, tó ní máàkì 20.

Ọ̀gá àgbà fẹ́ gba máàkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ti máàkì ìwé 52, ó ku 24, iná sì ti lọ. Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, kí n rí ibi gbé fìtílà lé.