Ẹ Ò Tíì Gbọ́ Ohun Tó Ń Jẹ Àwọn Ìbejì?

Ẹ sún mọ́bí, àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Wọ́n fẹ́ lé Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ńdọ́ kúrò nílé. Lórí kí ni? Lórí ìdun! Ìdun tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí.

Ara ló ń yún àwọn ìbejì. Ẹsẹ̀ ló pọ̀ sí jù, láti orúnkún wálẹ̀, ó wú kéékèèké. Ìyá Alákàrà kàn wò ó fìrí, ó ní ìdun ni, àga tòkunbọ̀ tí Kọ̀ńdọ́ gbé wálé ló kó o wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọ̀bùn ni Kọ̀ńdọ́.

Ọ̀bùn kẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ni ìdun ń wá, kò bẹ́nì kan wádìí ìmọ́tótó. Ṣé ẹ rántí Paris lọ́dún 2023? Ṣebí ariwo ìdun ló gbalẹ̀ níbẹ̀, táwọn èèyàn ń fi fóònù ya ohun tí wọ́n ní ìdun ni nínú ọkọ̀ ojú irin, tí Òlíńpíìkì 2024 sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ṣé ẹ máa pe àwọn tó ń ta lọ́fínńdà fún gbogbo ayé lọ́bùn ni? Ẹ dá mi lóhùn.

Èmi mọ ìdun dáadáa, nítorí ilé ọkọ mi àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ìdun pẹlẹbẹ, bí ẹni tí wọ́n jókòó lé lórí. Kì í fò, kì í tọ, ó ń rìn ni. Òru, tẹ́ ẹ bá ti ń hanrun, ló ń jáde. Bó bá mu ẹ̀jẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, inú rẹ̀ á wú, á sì padà sínú ihò. Ojú rírán mátíràsì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, àti ibi tí pátákó bẹ́ẹ̀dì ti pàdé ara wọn. Ẹ ó rí ìgbẹ́ rẹ̀, dúdú tóótòòtó, ẹ ó sì rí awọ tó bọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń bọ́ awọ kó tó dàgbà. Ẹni tí kò rí nǹkan kan nínú ìwọ̀nyí kó panu mọ́. Ojú ibi tí kòkòrò ti jẹni ò tó ẹ̀rí, dókítà pàápàá lè wò ó kó má dájú. Ìdun á jẹ ẹlòmíì mọ́jú, kò ní yún un rárá.

Kọ̀ńdọ́ tú àga palẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ìyá Alákàrà ní wọ́n ti sápamọ́, ó ní ká da ọta-pìàpìà sí mátíràsì rẹ̀. Mo pariwo! Ìgò kékeré dichlorvos tí NAFDAC ti fòfin dè láti 2019, ibi téèyàn ń sùn lẹ fẹ́ dà á sí?

Alfa ní ẹ̀fọn ni. Ẹ̀fọn tí kò kọrin sétí ẹnì kankan? Ìyá Ìbejì ní kí n yẹ orí wọn wò bóyá iná ni. Iná orí kì í fi orí sílẹ̀ lọ jẹ ẹsẹ̀. Àwọn kan ní eégbọn. Eégbọn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, tó bá ti gé èèyàn jẹ, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ọn fún ọjọ́ mélòó kan; ìyá wọn ì bá ti rí i nígbà tó ń wẹ̀ wọ́n.

Ọmọ Ìyá Alákàrà tó wà ní Pólì ló wá béèrè ibi táwọn ọmọ ti ń ṣeré. Hà! Yàrá tí Tíṣà kó kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti tì í, ìgbà tí kápẹ́ńtà ṣí i làwọn ìbejì sọ ọ́ di pápá bọ́ọ̀lù. Ìyá Alákàrà ní yàrá tó ṣófo, kí ló máa jẹ wọ́n níbẹ̀?

Ọmọ náà wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn, ó wọlé, ó dúró. Kò pẹ́ rárá, nǹkan dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í tọ sí ìbọ̀sẹ̀: pìn! pìn! Ó fi sẹ́lótéèpù mú ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lèyí fi pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn. Yọ̀rọ̀ ni, kòkòrò ara ológbò! Ó ní kó tó di àgbà, ó máa ń hun nǹkan bo ara rẹ̀, ó sì lè wà nínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìjẹ nǹkan kan. Bó bá ti gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀, tí ooru ara kàn án, á bẹ́ jáde. Wọ́n jókòó dè wá ni!

Ó ku ká mọ ológbò tó ń gba ojú fèrèsé wọlé lọ sùn níbẹ̀. Ológbò kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Ti Bàbá Onílé ni.

Gbogbo àgbàlá pa rọ́rọ́. Ìyá Alákàrà rántí pé epo òun ń jó. Bàbá jáde, ológbò lápá, wọ́n ní kí là ń ṣe níbẹ̀. Alfa ní, "Owó NEPA là ń sọ o, Bàbá."

Wọ́n ti dá owó tí wọ́n máa fi pe àwọn tó ń fín kòkòrò. Ta ni wọ́n ní kó san ìdajì? Kọ̀ńdọ́. Wọ́n ní ṣebí òun ló ní àga.

Ẹ rọra, òun ló ń bọ̀ yẹn. Bọ̀ọ̀dá wa, ẹ káàbọ̀ o! Ìpàdé adúrà la wà o.