Ọyẹ́, Òrí àti Fìlà Bàbá

Ìyá mi kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n gbé omi kaná kí n tó wẹ̀, nítorí ọyẹ́ oṣù Kìíní ní abà wa lápá Ìkòyí-Ilé, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Èkó. Èmi tí mo ti Èkó dé, níbi tí atẹ́gùn òkun kì í ti í jẹ́ kí ọyẹ́ ráyè, mo fi í rẹ́rìn-ín. Ní kùtù hàì, mo da igbá omi àkọ́kọ́ sára. Orin tí mo ń kọ já sí méjì lẹ́nu mi. N ò da igbá kejì.

Afẹ́fẹ́ tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kì í ṣojú àánú. Kí n tó jáde ní balùwẹ̀, ètè mi ti là, gìgísẹ̀ mi sì ti sán bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Òrí ni mo sá bá, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti mú òun náà gan pa sínú ike. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí wọ́n dá sójúde. Nígbà tó yọ́, mo fi para láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dín.

Mábínú, ajá mi, jókòó tì mí, ó ń lá mi ní gìgísẹ̀. Ọdẹ ni Ògúnlolá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rò pé ajá tí a bá tọ́ nílẹ̀ ọdẹ yóò mọ ọdẹ ṣe. Bàtà ni tèmi ń dẹ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń gbé. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo rò pé mo fi ọgbọ́n sọ. Àwọn baba wa a máa fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Ní 2016, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan ní Sàngó-Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, torí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari. Mo ní tèmi ò ní dá ìjà sílẹ̀. Ta ni yóò bá Mábínú jà?

Bàbá ilé kejì wá yáná. Fìlà abetí-ajá ni wọ́n dé, wọ́n fa etí rẹ̀ méjèèjì bo etí tiwọn nítorí òtútù. Nígbà tí iná wọ̀ wọ́n lára, wọ́n ṣí i, wọ́n ní, "Bá mi mú un dání, ọmọ yìí." Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti òrí. Mábínú gbọ́ òórùn. Kí n tó ṣẹ́jú, ajá ti gbé abetí-ajá, ó di inú oko kaṣú.

Mo fò dìde. "Mábínú! Mábínú!"

Bàbá yíjú sí mi. "Èmi lò ń sọ pé 'má bínú' fún? Èmi tí wọ́n bí bàbá rẹ ṣojú mi?"

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Ajá ni."

"Èmi ni ajá?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí mo máa dìde, eruku ti lẹ̀ mọ́ òrí lára mi: wọ́n ti yí mi ní èlùbọ́, ó ku epo gbígbóná. Mo sáré wọ abẹ́ kaṣú. Bí mo bá ti sún mọ́ ajá, á tẹ iwájú ba, á na ìdí sókè, bí ọmọ tó fẹ́ kí àgbà. Bí mo bá nawọ́, ó di eré. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó sọ fìlà sílẹ̀. Etí kan ló kù.

"Bàbá, ẹ wo nǹkan tí ajá yìí ṣe!"

Bàbá fi ìka ra fìlà, wọ́n gbé e símú. "Ajá yìí náà ló ń kun òrí?"

Ẹnu mi wọhò.

Ẹjọ́ méjì ni wọ́n dá fún mi. Èkíní, kí n ra fìlà tuntun. Tákié, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti rà á lọ́jọ́ kejì. Èkejì, kí n tún orúkọ ajá sọ, kí irú ìyẹn má bàa tún ṣẹlẹ̀ sí àgbà mìíràn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Ẹ-má-bínú.

Tó bá dìrọ̀lẹ́, tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ẹ ó bá mi lójúde, tí mo ń fi "ẹ" pe ajá. Òun náà á sì rọra máa bọ̀, kò ní kánjú, bí àgbà.