Ẹjọ́ Afínkòkó

Ẹ sún mọ́ mi o, ẹ̀yin ará ilé! Ṣé ẹ ti gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín Bàbá Oníkòkó àti ọmọkùnrin tó ń bá a fín oògùn sí kòkó lójú ọ̀nà Ọ̀kà? Bàbá yẹn náà ni o, ẹni tó máa ń ka owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fún awakọ̀ ní Ìkàrẹ́. Ojú ọmọ náà ti pọ́n bí ẹyinná. Ó ní òun ò gbé páǹpù kọ́rùn mọ́, àfi tí Bàbá bá ra ìbọ̀wọ́ àti gọ́gù. Bàbá ní, "Ṣé mi ò ra mílíìkì fún ọ ni?" Àbí ta ni ò mọ̀ pé mílíìkì àti epo pupa làwọn àgbà gbà pé ó ń pa gbogbo májèlé, láti ayé oògùn kòkó Gammalin 20? Kí n má gbàgbé, kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko Gramoxone kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, bẹ́ẹ̀ paraquat inú rẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹ má dárúkọ mi o.

Wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ń kọ́ òfin ní Akùngbá (owó ilé ò tíì jáde, Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde). Ó ṣí òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1987: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè ìbọ̀wọ́ àti gọ́gù fún ẹni tó ń fọwọ́ kan nǹkan olóró. Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Ìgbà wo loko mi di ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ?" Ó kúkú jàre!

Àfìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí òfin ti 2010, èyí tó wà fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ṣe léṣe. Àdéhùn ẹnu lásán ti tó níbẹ̀. Alágbàṣe wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Kí agbanisíṣẹ́ sì máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sápò NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà.

"Iṣu ni mo fi ń san tiẹ̀," ni Bàbá wí. "Ibo ni kí n ti gé e?"

Háà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá!

Ọmọ náà ní kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ wà ní Àkúrẹ́, àwọn á pàdé níbẹ̀. Ìkàrẹ́ tó ti fi ọ̀rọ̀ oyè mọ ojú ọ̀nà kóòtù tó báyìí, ta ló fẹ́ fi Àkúrẹ́ dẹ́rù bà? Owó ọkọ̀ ló ba Bàbá lẹ́rù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde, ó forí lé Ọjà Ọba.

Ìbọ̀wọ́ dé ọwọ́ afínkòkó. Gọ́gù ńkọ́? Bàbá dán an wò nínú dígí, ó bá a lójú mu. Òun ló ń wọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí ìpàdé báyìí. Afínkòkó sì ti tún ń kanlẹ̀kùn akẹ́kọ̀ọ́.