Wọ́n Ní Kí N Máa Kàwé Kí N Lè Gbàgbé Àmàlà

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, ó ti fẹ́ kọjá agbára mi. Oṣù mẹ́ta rèé tí nọ́ọ̀sì kan, ọmọ tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, wo ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún mi, ó mirí, ó ní, "Bàbá, ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú sí yín o. Àmàlà yín ò gbọdọ̀ ju ìkúùkù lọ mọ́." Mo ní kò burú. Àṣìṣe mi ni pé mi ò béèrè pé ìkúùkù ta ni. Bí a ṣe délé, ìkúùkù Ìyá Ìbejì ló di òṣùwọ̀n. Ẹ ò tíì rí ọwọ́ obìnrin yìí. Nígbà tí mo rán ìbọ̀wọ́ ìgbéyàwó fún un láyé ijọ́un, àjákù aṣọ tí mo gé kúrò lára fìlà ọmọ tuntun ló tó o, ó tún ṣẹ́ kù.

Télọ̀ ni mí, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ni olóúnjẹ kan ti ń rokà láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Bó bá ṣe ń rò ó ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ ẹ̀rọ, gbì, gbì, gbì. Tó bá wá ṣí ìkòkò gbẹ̀gìrì, abẹ́rẹ́ á gún mi lọ́wọ́. Oníbàárà méjì ti dá ṣòkòtò padà fún mi lóṣù yìí nìkan.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló kó mi sí wàhálà tó tún wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ọkàn tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń ronú oúnjẹ, ó ní kí n wá ìwé kà. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù kí n tó kọ́ṣẹ́, ìwé kì í bà mí lẹ́rù. Mo bá gba Dùgbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kó bá mi dà á pọ̀: ti apanilẹ́rìn-ín, ti oníròyìn, ti àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara wọn. Mo ní ṣùgbọ́n èyíkéyìí ò gbọdọ̀ dárúkọ oúnjẹ. Ó wo ikùn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣa márùn-ún fún mi.

Ti ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ṣí, How to Be a Nigerian, tí Peter Enahoro kọ ní 1966. Òun ni wọ́n ń pè ní Peter Pan nínú Daily Times nígbà náà, kálàmù rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ̀rín náà ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀rín a máa jẹ́ kí oúnjẹ tètè dà. Mo jẹun ní aago méje, nígbà tí yóò fi di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ikùn ti ń kígbe bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Mo ní tó bá jẹ́ ẹ̀rín ló ń pa mí, ẹ jẹ́ n ka ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ó dájú pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni yóò kún inú ìwé tirẹ̀. Mo ṣí Aké, ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, tó jáde ní 1981. Ẹ gbà mí! Ọmọdé tó ń jí mílíìkì oníyẹ̀fun lá nílé ìyá rẹ̀ ni mo bá pàdé. Mo fò ó. Mo bọ́ síbi tí àwọn tó ń kiri oúnjẹ ti ń polówó nírọ̀lẹ́, tí bàbá wa wá jókòó tì í, tó ń dárò pé adùn àtijọ́ yẹn ti lọ, pé oúnjẹ ìgbàlódé ti gbapò rẹ̀. Inú bí mi. Oúnjẹ tirẹ̀ ti lọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò. Tèmi ò lọ síbì kankan. Ògiri kan ló wà láàárín wa, wọ́n ń rò ó lọ́wọ́. Ta ló yẹ kó máa dárò nínú àwa méjèèjì?

Ti Awólọ́wọ̀, tó pè ní Awo, tó kọ nípa ara rẹ̀ ní 1960, mi ò lè fẹ̀sùn kàn án. Oníròyìn lòun náà, òun ló dá Nigerian Tribune sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí ní 1949, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó mọ ara rẹ̀ kó níjàánu. Ibẹ̀ gan-an ni Ìyá Ìbejì ti mú un. Ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì oúnjẹ. Bí mo bá ti na ọwọ́ sí ìkòkò lẹ́ẹ̀kejì, á fi ìka kan ìwé náà, kò ní sọ nǹkan kan.

Mo wá sá di Sẹ̀gilọlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé Isaac Babalọlá Thomas, tó ń ṣe olótùú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti 1929 wọ 1930, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà obìnrin kan tó ti gbáyé gan-an, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, tó ń jẹ́wọ́ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Àwọn tó ń kà á gbà pé ènìyàn gidi ni, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Àṣé kò sí obìnrin kankan, Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí kálàmù tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyí: iṣẹ́ oníròyìn ni, ìtàn ara ẹni ni, ẹ̀rín wà níbẹ̀. Aláìsàn bíi tèmi sì ni Sẹ̀gilọlá. Òun ń ka ọkọ tó ti fẹ́, èmi ń ka òkèlè tí mo ti jẹ. Ara ti ń tù mí nígbà tí Ìyá Ìbejì yọjú lẹ́yìn mi, tó rí "Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé" lára èèpo ìwé.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní kẹ́ ẹ máa kà rèé?"

"Nǹkan àtijọ́ ni. Oníròyìn ló hun ún, obìnrin náà ò sí."

"Tí ò bá sí, kí lẹ wá ń rẹ́rìn-ín sí?"

Ó gba ìwé náà. Láti ọjọ́ yẹn, iná yàrá kì í kú títí ọ̀gànjọ́ òru. Òun ló ń kà á. Mo dùbúlẹ̀ sínú ebi, mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ìwé karùn-ún ni ọkùnrin Dùgbẹ̀ yẹn fi dalẹ̀ mi. Longthroat Memoirs, ti Yẹmisí Aríbisálà, ó jáde ní 2016. Memoirs ni mo rí, mo ní ìtàn ìgbésí ayé ni, mi ò fojú sí Longthroat. Ọ̀fun gígùn! Ohun tí à ń pe wọ̀bìà nìyẹn nínú òyìnbó tiwa níbí. Ìwé oúnjẹ ni láti èèpo dé èèpo. Obìnrin yìí ti gbé ní Calabar, ó mọ ọbẹ̀ wọn, ó mọ tiwa, ó sì gbà pé ọbẹ̀ tó ohun tí àgbàlagbà ń jókòó kọ ìwé lé lórí. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí ilá bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lórí olólùfẹ́. Ó yẹ kí n pa ìwé náà dé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé e lọ sí kíṣìnnì, mo kà á sókè fún Ìyá Ìbejì. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa. Ilá la máa jẹ lálẹ́."

Ilá náà dé. Kò rí epo, kò rí ẹja, edé ò mọ̀ pé wọ́n se nǹkan kan. Ó yí àmàlà ìkúùkù kan náà ká nínú abọ́, bí àgbàrá ṣe ń yí òkúta ká. Òkèlè mẹ́rin ni. Mo sọ ọ́ di mẹ́jọ, mò ń gé e tíntìntín bí ẹni tí àńkárá ò tó, tí oníbàárà sì ti sanwó. Ilá wá yọ̀ débi pé méjì bọ́ sí mi lọ́nà ọ̀fun láìjẹ́ pé mo tọ́ ọ wò.

Mo ní kò burú, ìwé ìròyìn lásán ni n óò máa kà, ìyẹn ò lè ní oúnjẹ nínú. Èyí tí Henry Townsend kọ́kọ́ tẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé: àkàrà mélòó nìyẹn? Ẹ ò rí nǹkan!

Ti òde òní ti wọ́n kọjá owó télọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Alákàrà tó wà ní ìkòríta wa, ìwé ìròyìn ló fi ń wé ọjà. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé mo ra ẹyọ mẹ́ta. Nítorí bébà ni o. Mo tú u lẹ́yìn òpó iná, mo bá ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀ kan níbẹ̀: ọkùnrin kan fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀, ó ní kì í fún òun lóúnjẹ yó. Ara mi yá gágá. Mo fi àkàrà kan sẹ́nu kí n lè ráàyè di bébà mú. Adájọ́ ní kí obìnrin náà wí tẹnu rẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó ní... Ibẹ̀ ni bébà ti ya.

Mo padà. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo apá kejì bébà yìí."

"Bàbá Ìbejì, mi kì í ta bébà. Àkàrà ni mò ń tà."

Mo ra mẹ́ta sí i. Bọ́ọ̀lù ni mo bá lára tìyẹn. Mo tún ra mẹ́ta. Ìpolówó agbo jẹ̀dí. Ọwọ́ mi kún fún epo, ẹnu mi kún fún àkàrà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na owó ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Mo gbé e mì. "Mò ń kàwé ni."

Ìyá Ìbejì gba bébà àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo ojú bébà náà, ó tẹ̀ síbi iná, ó kà á láti òkè dé ibi tó ya. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá kọjú sí Ìyá Alákàrà.

"Apá kejì rẹ̀ ńkọ́?"