Plọ́ọ̀gì Mẹ́rin àbí Mẹ́fà? Ẹ Bi Bùọ̀dá Onímọ̀ràn

Láti ọdún 2024 tí owó kòkó ti fò sókè lọ́jà àgbáyé, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là, ẹnikẹ́ni kò kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi mọ́. Àwọn tó máa ń bèèrè bóyá Ṣadé ni káwọn fẹ́ tàbí Bísí, píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń bèèrè báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ àwọ̀ tó dára jù: funfun ni, ẹ lọ jókòó. Ẹni tó kọ ojú ìwé mẹ́rin nípa rédíò ọkọ̀, mo ka ìlà kan, oorun gbé mi lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó ní kí n yá òun lówó kún owó Hilux, lẹ́tà yín sọnù lọ́nà. Èyí tí ẹ tún máa kọ, òun náà á sọnù.

Ó ku àwọn tó dùn.

“Bùọ̀dá, àna mi ra píkọ́ọ̀pù Tacoma 2.7 lóṣù tó kọjá, a ò sì rímú mí mọ́. Mo fẹ́ ra V6 tèmi, 4.0, kó lè mọ̀ pé owó ju owó lọ. Ọ̀ṣogbo ni mò ń gbé, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mò ń lọ. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?” — Ọkọ Àbíkẹ́

Mo fọwọ́ sí i, mo tún fẹsẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ohun tí ẹ ó fi fọ́nnu. Nínú àwọn Tacoma tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2005 sí 2015, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, ìyẹn 2.7, agbára ẹṣin 159 ló ní. Onímẹ́fà, 4.0, ní 236. Ẹṣin 77 lẹ fi ju àna yín lọ! Bó bá pè yín wá jẹun ọdún, ẹ ka ẹṣin náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹran tó dé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹṣin 77 kò ríbi sáré sí láàárín Òkè-Fìà àti Ọláìyá nígbà tí ọlọ́kadà bá ti dí ọ̀nà. Ẹ̀yin náà á kàn jókòó sínú rẹ̀ ni, ẹ ó máa wo ìdí ọkọ̀ elérò.

Àmọ́ o, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onímẹ́rin kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n ti fi ìtàn dẹ́rù bà wá pé plọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ń sọ ọkùnrin di onígbèsè nílé epo. Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí gíà wọn jẹ́ ọtomátíìkì, ohun tí 2.7 fi sàn ju 4.0 lọ kò ju máìlì kan sí méjì lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ara ọkọ̀ tí àwọn méjèèjì ń fà, ìwúwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Onímẹ́rin ní láti làágùn kó tó gbé e kúrò nílẹ̀, epo sì ni òógùn yẹn. Ibi tí onímẹ́fà ti ń mú èèyàn ni ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì: ọjọ́ tí ẹ bá ń pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, mẹ́fà mẹ́fà lẹ ó rà. Ní ti táímíǹgì, ṣéènì làwọn méjèèjì ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà ẹ kò ní rí ìyẹn fi bú àna yín.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ọlọ́gbọ́n kì í tan ọkọ̀ láìnídìí. Ẹ ra V6, ẹ gbé e kalẹ̀ síwájú ilé àna, kẹ́ ẹ máa gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ lọ tan án, ẹ tẹ epo sí i dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ pa á. Ó ti gbọ́.

“Ọkọ mi ní oko lòun fẹ́ máa fi píkọ́ọ̀pù lọ. A ò ní oko.” — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Oko náà wà, ìyá wa. Ẹ kàn bi í bó ṣe ga tó, àti irú aṣọ tó máa ń wọ̀.

“Láti abúlé ni mo ti ń kó kòkó wá sílùú, òkè àti gegele ni gbogbo ọ̀nà wa. Ogún àpò ni mo fẹ́ máa kó lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi ní kí n ra Tacoma V6, pé òun ló lè gbé e. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀.” — Ìyá Olóko, Ìdànrè

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ kú orí ire, ìyá mi. Ẹni tó ń ta àgbò kì í sọ pé àgbò òun ń wúkọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpò kòkó kan jẹ́ kílò 62.5, mẹ́rìndínlógún ló ń pé tọ́ọ̀nù. Ogún àpò di kílò 1,250, a ò sì tíì ka awakọ̀, a ò tíì ka ọmọ yín tó mọ̀wé ẹ́ńjìnì, a ò tíì ka ẹni kan tó gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹrù dandan torí pé ó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílùú. Tacoma, ì báà jẹ́ onímẹ́rin tàbí onímẹ́fà, ẹrù tí wọ́n ṣe é fún kò ju nǹkan bíi kílò 500 sí 700. Wọ́n kọ ọ́ sínú bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bébà yẹn ni kẹ́ ẹ kà, ẹ fi ẹnu ẹni tó ń tajà sílẹ̀. Hilux ló súnmọ́ ohun tí ẹ ń wá, torí pé púpọ̀ nínú wọn ń gbé tọ́ọ̀nù kan tàbí kó dín díẹ̀. Òun náà kò sì ní gbé ogún àpò yín láìráhùn.

Kí wá ni plọ́ọ̀gì méjì tó lé yẹn wà fún? Ó wà láti fa ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù ni sípíríńgì, táyà àti ṣáàsì, wọn ò sì mọ̀ bóyá plọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà níwájú tàbí ogójì. Ẹ kó ogún àpò lé V6, á kúrò lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ á máa họ ilẹ̀, imú rẹ̀ á dojú kọ ọ̀run, iná iwájú á máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹyẹ lórí igi, sítíárì á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ torí pé táyà iwájú kò fẹ́ kan ilẹ̀ mọ́. Kòtò àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá pàdé, ewé sípíríńgì á já, kòkó á sùn sínú igbó, ọmọ yín á sì pè mí.

Nítorí òkè yẹn, mo gbà pẹ̀lú ọmọ náà lójú kan: ẹ ra onímẹ́fà. 2.7 á gun òkè náà, ṣùgbọ́n gíà kékeré ni yóò fi máa ké gbajare láti ìsàlẹ̀ dókè. Àpò mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ máa kó lẹ́ẹ̀kan, bí bébà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn bá gbà á. Ìyókù, ẹ ní kí ọmọ yín rù ú.

“Chicago ni mo wà. Mo fẹ́ fi Tacoma 2008 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Mo rí V6 kan tí kò wọ́n, mo tún rí 2.7 kan tó wọ́n díẹ̀. Èwo ni kí n mú?” — Ọmọ Ìyá Ọlọ́bẹ̀

Èyí tí abẹ́ rẹ̀ kò tíì dípẹtà ni kó o mú. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì yín nígbà yìnyín, ṣáàsì ló ń jẹ. Tacoma ọdún 2005 sí 2010 gan-an ló fa ẹjọ́ tí Toyota gbà lọ́dún 2016 láti san owó lé lórí ní Amẹ́ríkà, torí ìpẹtà férémù. Nítorí náà, bọ́ kóòtù olówó ńlá yẹn, dùbúlẹ̀ sílẹ̀, fi hámà kékeré kan férémù láti orí dé ìdí. Bó bá dún gan-an-gan, ó dára. Bó bá dún bíńbín, tí èérún rẹ̀ ń já bọ́ sí ọ lójú, dìde, kí ẹni tó ń tà á, kó o máa lọ. Ìpẹtà orí òrùlé Ìbàdàn tó wọn, má fi kún un. Ẹni tó bá sì ní òun á bá ọ gbé ọkọ̀ náà gba Kútọnu wọlé, bi í bóyá ó ti gbọ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, awakọ̀ ni mí ní oko ńlá kan. Àràárọ̀ ni mò ń fi píkọ́ọ̀pù kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sóko, obìnrin ló pọ̀ jù, wọ́n máa ń dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Bírékì rẹ̀ ń wọlẹ̀ kó tó mú. Mo sọ fún ọ̀gá, wọ́n ní V6 ni, ó lágbára, kí n máa wà á lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà wa tí mo máa ń gbàdúrà kí n tó sọ̀. Mo ní ọmọ méjì.”

Àbúrò mi, má wa ọkọ̀ yẹn lọ́la.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tí mo ń kà lókè yìí tó ń bá èèyàn tẹ bírékì. Bírékì tó ń wọlẹ̀, bóyá fúlúùdù rẹ̀ ń jò, bóyá afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, bóyá másítà rẹ̀ ló ń kú lọ. Kò sí èyí tó ń sàn fúnra rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ló sì ṣeé ṣe jù kó ti já ọ kulẹ̀, torí ibẹ̀ lo ti ń tẹ̀ ẹ́ jù.

Má fẹnu lásán sọ fún ọ̀gá mọ́. Kọ ọ́ sórí fóònù: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bírékì kò mú, n kò lè kó èèyàn.” Kí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Mú mẹkáníìkì lọ wò ó, gba iye tí àtúnṣe máa ná lọ́wọ́ rẹ̀, fi ránṣẹ́ pẹ̀lú. Owó náà kò ní tó owó pósí kan. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó dàgbà jù láàárín àwọn obìnrin yẹn, sọ fún un. Ẹ̀mí wọn ni, ó tọ́ kí wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá tún un ṣe, gíà kékeré ni kó o máa fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì bá ọ di ọkọ̀ mú. Síbẹ̀, ẹrù ni wọ́n ṣe ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù fún. Bọ́ọ̀sì ló yẹ kí ọ̀gá rẹ rà.

O ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé ọ. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ pọ̀ nígboro, irọ́ ló ń pa fún ọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa bá sítíárì, ọ̀gá á sì ní o ò sọ fún òun. Bí wọ́n bá lé ọ, kọ̀wé sí mi. Màá tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé yìí pé awakọ̀ kan ń wáṣẹ́, tó mọ ọjọ́ tí kò yẹ ká wakọ̀.

Ó ku ẹnì kan.

“Plọ́ọ̀gì mẹ́rin lagbára mi ká. Ṣé mo lè ra àmì V6 ní ọjà Ládípọ̀ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀?” — Ọmọlójú Ìyá Rẹ̀, Ìkòròdú

Kí lo ti ń dúró dè láti àárọ̀? Lẹ̀ ẹ́ kó gún o, wíwọ́ ló ń tú àṣírí. Má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ọmọdé, wọ́n máa ń kà. Bó o bá dé òkè tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá, sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ pé ò ń tọ́jú epo. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ, tètè fún un lówó ọtí. Kó o sì bá mi ra àmì kan bọ̀. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ jẹnẹrétọ̀ mi, nítorí aládùúgbò.