Ẹ Yọ Wáyà Ná

Oníbàárà ọjà Mile 12 l'Ékòó kì í ra tòmátò láì tẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n tó bá kan gìtá oníná olówó pọ́ọ́kú, bó ṣe ń dán ló fi ń mú un. Ẹni tó ń tà á mọ̀. Kíá ló ti so ó mọ́ sípíkà, ariwo sì bo àṣírí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó yọ wáyà. Ẹ ta okùn kan lásán, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kejìlá lórí ọrùn gìtá, kí ẹ tún un ta: ohùn kan náà ló yẹ kó jáde, kó kàn ròkè sí i. Bí kò bá bára mu, kódà King Sunny Adé ò lè rí i ta. Bí okùn bá sì ga jù lórí ọrùn gìtá, ìka á sunkún. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo bátìrì 9-volt, ẹ má gbàgbé bátìrì náà: tó bá kú láàárín ìyìn, pásítọ̀ á ní ọwọ́ ọ̀tá ni.